Póókà Olóbì Nílé Alàgbà Afọlábí

Onígbàgbọ́ kì í ta tẹ́tẹ́. Nítorí náà, obì ni wọ́n fi ń ta póókà, eré káàdì àwọn òyìnbó, nílé Alàgbà Afọlábí ní Ìlá, kì í ṣe owó, ọkàn gbogbo wọn sì mọ́ gaara. Kùmásí ní Gánà ni alàgbà ti kọ́ ọ kó tó padà wá di oníkòkó pàtàkì. Ó dá a lójú pé láti Ọ̀rà títí dé Iresi, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta tó òun.

Olúsọjí tíṣà kò fẹ́ràn obì, kò sì fẹ́ràn káàdì. Ìbàdàn ló ń wá. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fẹ́ rán ẹnì kan lọ kàwé níbẹ̀, alàgbà ni alága ìgbìmọ̀ tí yóò yan ẹni náà, Alfred tó ń ta oògùn òyìnbó sì ń wá ipò kan náà. Ni àwọn méjèèjì bá sọ ilé alàgbà di ilé gbogbo ọ̀sán Sátidé.

Káàdì Olúsọjí kò dára rí. Èjì, ẹ̀rin, èje: márùn-ún tí ọ̀kan nínú wọn kò bá èkejì tan. Alàgbà a máa da obì sílẹ̀ bí òjò, ìbáà rí nǹkan lọ́wọ́, ìbáà má rí, a ní kí ẹni tó láyà fi obì tirẹ̀ wá wò ó. Olúsọjí a dojú tirẹ̀ dé wọ́ọ́rọ́wọ́, a jáwọ́, a ní, "Ẹ ti pa mí, sà," bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò ọmọlúàbí rẹ̀. Alfred ní tirẹ̀ a ní kí Bàbá ṣí i, pé irọ́ ni. Olúsọjí a mirí: ta ní ń pe àgbà ní onírọ́, tó tún ń retí oore lọ́wọ́ rẹ̀?

Sátidé tó ṣáájú ìpàdé ìgbìmọ̀, ọba mẹ́ta bọ́ sọ́wọ́ Olúsọjí, káàdì tó dára jù lọ tó rí rí. Alfred ti dojú tirẹ̀ dé. Alàgbà ti gbogbo obì iwájú rẹ̀ sáàárín tábìlì, ó ń kùn orin ìsìn, bẹ́ẹ̀ bó bá ti ń kọrin, gbogbo ilé mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Tíṣà, ṣé wàá wò ó?"

Olúsọjí wo obì, ó wo Ìbàdàn.

"Ẹ ti pa mí, sà."

Alàgbà ṣí pàǹtí ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá nawọ́ sí káàdì Olúsọjí, kó lè fi han Ògúntúndé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í irú ẹrù tó wúwo fún tíṣà. Ọba mẹ́ta wò ó lójú. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ti ń ṣe mí látọjọ́ yìí?"

"Rárá, sà. Èyí nìkan ni. Àwọn tó kù burú lóòótọ́."

"Ògúntúndé, o ò rí nǹkan? Ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún bí ọmọ ọwọ́."

Olúsọjí dọ̀bálẹ̀, ó fi Bíbélì búra pé káàdì burúkú ló ń bọ́ sí òun lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, òótọ́ náà ló sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bó bá purọ́, a jẹ́ pé ó ti ń tan àgbà. Bó bá ṣòótọ́, a jẹ́ pé kì í ṣe ọgbọ́n Kùmásí ni alàgbà fi ń borí.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, alàgbà ní Alfred ni kó lọ, nítorí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún àgbà. Ní ti tíṣà, ó ní ó mọ ìwà hù, kó kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní orin ìdágbére tí wọn yóò kọ fún Alfred.

Olúsọjí kọ́ wọn. Ohùn wọn dùn.