Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Àtẹ̀jíṣẹ́ Nọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù fún obìnrin kan kí ojú ewé rẹ̀ tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé: "soon" àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé atúmọ̀ èdè ni òun àti ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ dé orírun, bí ẹni ń wá ìdílé ọmọ tó sọnù.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i ní Gẹ̀ẹ́sì: "Come soon." Ọjọ́ kẹta rèé tí inú rírun ti gbé màmá dè ní ọsibítù. Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí "ẹ yà bí ẹ bá ráyè," ó da ojú fóònù dé, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ó ṣí ìwé ńlá kan. Lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "sona" ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni lójú ẹsẹ̀. Ó ṣí òmíràn. Èdè àwọn Gótì, tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́, ní "suns": lójú ẹsẹ̀ náà ni. Àwọn tó ń ní àwọn ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀, tí wọn kì í tètè dé, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀lẹ.

Ó tún gbé fóònù, ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Èwo ni nọ́ọ̀sì ní lọ́kàn? Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ wo màmá mi."

"Ojú ewé yẹn ńkọ́? Àwọn atẹ̀wé ń dúró."

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, sà." Kò dúró gbọ́ èsì.

Nígbà tó dé ọsibítù, ibùsùn ìyá rẹ̀ ṣófo, wọ́n ti ká aṣọ ibùsùn. Nọ́ọ̀sì ló rí i lókèèrè.

"Ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ ni màmá yín wà. Wọ́n ní àwọn ò ní buwọ́ lùwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ àfi táwọn bá rí àkọ́bí àwọn."

Ó sáré débẹ̀.

"O ti wá dé?" ni màmá wí. "Mo rò pé àwọn òyìnbó ló bí ọ ni."

"Ẹ má bínú, Màámi."

"Di ọwọ́ mi mú."

Ó dì í mú pinpin. Kò rí ẹ̀rù lára ìyá yìí rí àfi lọ́jọ́ náà. Màmá buwọ́ lùwé, àwọn nọ́ọ̀sì sì tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Wákàtí mẹ́ta ni ọmọ fi ń rìn gbéregbère ní ọ̀ọ̀dẹ̀ kí dókítà tó jáde, tó ń nu òógùn ojú.

"Àpò òróòro wọn ti fẹ́ bẹ́, a ti yọ ọ́. Bó bá di ọ̀la ni, ọ̀tọ̀ ni ohun tí à bá máa sọ."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ìwé atúmọ̀ èdè náà pẹ́ lọ́sẹ̀ kan gbáko. Ọ̀gá bínú títí, síbẹ̀ ó gbé èso dání wá kí màmá nílé.