Àwọn Lẹ́tà Tí Mo Gbá Dànù

Èmi kì í fẹ́ fojú rí pàǹtí. Ìyá Ìmọ́tótó ni wọ́n ń pè mí nílé, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi ń jẹun náà nìyẹn: màá bá èèyàn kọ́ ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, màá pààrọ̀ aṣọ tó wọ̀, màá kó gbogbo ẹrù tó ń fà á sẹ́yìn kúrò, títí á fi máa ṣí wàràwàrà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ agbẹ̀bí, ti ń kọ búlọ́ọ̀gù fáwọn aláboyún láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Oṣù tó kọjá ni mo tún un ṣe fún un láti òkè délẹ̀.

Ìyẹn ni mò ń fi yangàn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Èmi àti ọkọ rẹ̀ tó ń ránṣọ, tá a ń pè ní Télọ̀, jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Dókítà ní kò ní ju wákàtí méjì lọ. A ti lo mẹ́ta ààbọ̀. Télọ̀ ń fi èékánná tú òwú etí ṣòkòtò ara rẹ̀, ọkùnrin tí kì í gbà kí òwú kan yọ lára aṣọ oníbàárà. Mo ń ròyìn ìkànnì náà fún un kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́ díẹ̀.

Télọ̀ ní, "Ibẹ̀ náà ni ìyàwó mi kọ lẹ́tà àwọn ọmọ sí."

"Lẹ́tà wo?"

"Ó ní bí òun ò bá jí, kí n ṣí ibẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kálukú ló ní tiẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀, kò kàn gbé e jáde ni. Ó ní tó bá jẹ́ bébà, mo máa sọ ọ́ nù."

Ohun tí èèyàn bá kọ tí kò tíì gbé jáde, ìkànnì ní ibi tó máa ń kó o sí, àwọn òǹkàwé kì í rí i. Nígbà tí mò ń tún ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe, mo bá igba ó lé méjìlá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò lórí, wọn ò nídìí. Mi ò ka ẹyọ kan. Mo ṣa gbogbo wọn pọ̀, mo dà wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ìkànnì. Mi ò béèrè, torí mo mọ̀ pé ó máa ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni apẹ̀rẹ̀ yẹn fi ń tọ́jú nǹkan. Tó bá ti pé, á da gbogbo ẹ̀ nù fúnra rẹ̀, kò ní bi ẹnikẹ́ni.

Mo fi ìka ka ọjọ́. Mo tún un kà. Ó lè jẹ́ ọgbọ̀n, ó sì lè ti lé díẹ̀.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà lórí itan, mo tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ìkànnì ní òun ti fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó ni ín. Èmi fúnra mi ni mo fi ìlẹ̀kùn kejì yẹn síbẹ̀ nítorí olè. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi sì wà lápò Télọ̀.

Mi ò ní parọ́ fún yín, irọ́ ti wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ rẹ̀ lára òwú yẹn, ojú tì mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní fóònù wọn. Mo ti ṣe nǹkan tí ò dáa."

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Kò pariwo. Ó na fóònù sí mi, ó sì sún títí ó fi dé ìkángun bẹ́ńṣì. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó gbá mi létí.

Àsìkò nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti kọjá kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán. Ìkejì ni mo fi wọlé. Mo tẹ apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ó ń yí, ó ń yí, nígbà tó máa ṣí, òfìfo ni. Ó yẹ kí n ti ṣe ẹ̀dà gbogbo nǹkan kí n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ yẹn. Mi ò ṣe é. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì nínú àwa oníṣẹ́ ló dán irú ẹ̀ wò, ohun tí mo máa sọ fún un kò ní ṣeé gbọ́ létí. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tí ìkànnì náà wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n fèsì lójú ẹsẹ̀ pé àwọn kì í ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.

"Ṣé ó wà ńbẹ̀?" Télọ̀ béèrè.

"Kò sí mọ́."

Ó fọwọ́ bojú. Bí obìnrin yẹn ò bá jí, ọmọ mẹ́ta máa dàgbà láìmọ ohun tí ìyá wọn fẹ́ bá wọn sọ, èmi ni mo gbá a dànù. Mo kórìíra ara mi lórí bẹ́ńṣì yẹn.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Dókítà ní àwọn ti parí, pé ó ti lajú. Télọ̀ bú sẹ́kún bí ọmọdé. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mi ò lè bá a yọ̀ dáadáa.

Nírọ̀lẹ́ ni wọ́n jẹ́ ká wọlé. Mo ti ní kí n ní sùúrù dìgbà tára rẹ̀ bá le, àmọ́ mi ò lè wo ojú rẹ̀ kí n pa á mọ́ra.

"Àǹtí mi, àwọn lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ fáwọn ọmọ, mo ti pa wọ́n rẹ́."

Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Mo mọ̀. Mo wọbẹ̀ láàárọ̀ àná kí n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un, mi ò bá nǹkan kan."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ ọ́, ṣé wàá lè wa ọkọ̀ gbé mi débí? Mo ní kí n tún wọn kọ. Mo kọ ìlà kan fún àkọ́bí, ọwọ́ mi ò gbé e mọ́. Mo bá pa kọ̀ǹpútà dé. Mo ní kò sí bí mo ṣe lè ṣe é, àfi kí n jí, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún wọn."

Àwọn ọmọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n lọ mú wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àkọ́bí ṣáájú.