Ibi Tí Méjì Wà

Bùọ̀dá Gbọ́láhàn ń ti Aramọkọ lọ sí Àbújá lọ́jọ́ Ajé, kò sì fẹ́ gbé ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ lọ. Ó ní bí mo bá na òun lẹ́ẹ̀kan péré nínú eré ìjà rẹ̀, èmi ni mo jogún rẹ̀; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Peter ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìpòtì yóò wá gbé e.

"Méjì, mẹ́ta, mẹ́fà, kí o wá tẹ ẹ̀ṣẹ́," ó ní. "Iná á jáde lọ́wọ́ akànṣẹ́ rẹ. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ibi tí wàá ti ọ̀pá orí páàdì ọwọ́ rẹ sí ni. Márùn-ún ló wà láàrin."

"Méjì wá ńkọ́, Bùọ̀dá?"

"Ẹni tí yóò jogún ní í wá ọ̀nà."

Mo wo àwọn nọ́ńbà orí fóònù mi. Lóòótọ́, márùn-ún wà láàrin. Méjì wà lókè rẹ̀ gan-an. Mo ti ọ̀pá sókè, mo yí i sọ́tùn-ún, mo tẹ ẹ̀ṣẹ́. Akànṣẹ́ mi kàn fò ni. Mo tún un ṣe. Ó tún fò.

"Tata!" Bùọ̀dá ń rẹ́rìn-ín. "Tata Aramọkọ, a-fò-má-jà!"

Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ mi lójú bí ẹni tó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ tó bá àgùntàn nídìí okùn. Olúwa tó ran Dáfídì lọ́wọ́, ṣé òkúta tèmi ni ò dára ni?

Ní Sátidé, a ń wọn kòkó. Màmá ń pe kílò, èmi ń tẹ kalikulétọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà nídìí géèmù.

"Àyìnkẹ́! Kílò méjìlélógún lo sọ di méjìdínláàádọ́rùn-ún? Ṣé òkúta lo dà mọ́ kòkó wa ni?"

Mo tẹjú mọ́ kalikulétọ̀. Márùn-ún wà láàrin, ṣùgbọ́n mẹ́jọ ló wà lókè. Méjì wà nísàlẹ̀! Ta ló wá ń parọ́, fóònù àbí kalikulétọ̀? Bí kòkó ṣe tán, mo sáré wọlé.

"Bùọ̀dá, ẹ wá jà!"

Mo ti ọ̀pá sísàlẹ̀, mo yí i síwájú, mo tẹ ẹ̀ṣẹ́. Iná bù jáde! Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bùọ̀dá. Akànṣẹ́ rẹ̀ fò kọjá lórí tèmi, ó bọ́ sí òdì kejì. Háà! Iwájú mi ti di ẹ̀yìn. Ṣé mẹ́fà tó jẹ́ iwájú náà ti ṣí lọ ni? Ìpayà mú mi, ọwọ́ mi padà sí nọ́ńbà ti fóònù: akànṣẹ́ mi fò bíi tata. Iná Bùọ̀dá kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, akànṣẹ́ mi sì bọ́ lé ti Bùọ̀dá lórí pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́. Bùọ̀dá ṣubú, ìjà parí.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bùọ̀dá wẹ̀yìn bóyá Màmá rí i, ó wá yíjú sí mi.

"Kí lo tẹ̀?"

"Bùọ̀dá, mi ò mọ̀."

Ó na páàdì tirẹ̀ náà sí mi. "Gbà. Ó ti di tìẹ."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń wá ibi tí mẹ́fà ṣí lọ kiri.