Àdúrà Aunty Abímbọ́lá

Ohun tó ká Dárasími lára jù ni pé òun náà ṣe Àmín sí àdúrà ọ̀hún.

Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé ni. Gbogbo ìjọ wọn, tí kò ju ọgọ́ta ènìyàn lọ, ti péjọ sórí fóònù bí ìṣe wọn, kálukú láti ilé rẹ̀. Dárasími ń fọ ife ní kíṣìnnì àbúrò ìyá rẹ̀, Aunty Abímbọ́lá, ní Loganville, nítòsí Atlanta, oorun ò tíì dá lójú rẹ̀. Aunty fúnra wọn ló ń darí àdúrà láti yàrá òkè.

"Bàbá, arábìnrin kan wà láàárín wa. A ń gbààwẹ̀ kó lè lóyún, òun ti fọwọ́ ara ẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa. Ohun tó fi pamọ́ sábẹ́ awọ apá ẹ̀, Bàbá, expose it! Kí ọkọ ẹ̀ rí i!"

"Àmín!" ni Dárasími wí. Ìgbà yẹn ni etí rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ fọwọ́ sí. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi.

Ọdún tó kọjá ni Dárasími dé láti Ìbàdàn láti wá kàwé nípa ìlera ará ìlú. Lásìkò ìsinmi yìí, ó ń kọ́ṣẹ́ ní àjọ kan tó ń rí sí ìlera ìbímọ káàkiri ayé. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kí ó máa fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin Nàìjíríà tó wà ní Atlanta lẹ́nu wò: kí ni wọ́n ń lò láti fi ètò sọ́mọ bíbí, ta ló sì mọ̀? Clara, ọ̀gá rẹ̀, kọ́ ọ pé kí ó yọ orúkọ, kí ó yọ àdírẹ́sì, kí ó fi nọ́ńbà rọ́pò wọn. Bí orúkọ bá ti kúrò, àṣírí ti bò. Clara ò parọ́, ṣùgbọ́n Clara ò dé ìjọ Yorùbá rí.

Ẹni keje tó bá a sọ̀rọ̀ ni Ṣèyítán, ọmọ ìjọ wọn, tó ń ta bàtà nínú ilé ìtajà ńlá ní Buford. Inú mọ́tò ni wọ́n jókòó sí, Dárasími ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ó ní ọ̀pá kékeré kan wà nínú apá òun tí kì í jẹ́ kí òun lóyún, Láńrewájú ọkọ òun ò sì mọ̀. Ìbí àkọ́kọ́ gbé ọmọ lọ, díẹ̀ ló kù kó gbé òun náà lọ. Láti ìgbà náà ni ọkàn òun kò ti ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, dókítà sì ní kí òun má tíì lóyún. Láńrewájú gbọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní dókítà kì í ṣe Ọlọ́run, ti ìyá ló gbà.

"Ìwọ nìkan ni mo sọ fún o," ni Ṣèyítán wí.

Ẹrù ọ̀rọ̀ yìí wúwo lórí Dárasími. Ó ti tó ogún ọdún tí Aunty ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, kò sí aláìsàn tí orúkọ rẹ̀ ti ẹnu wọn jáde rí. Níbi tí wọ́n ti ń jẹ èbà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ló bá bi wọ́n: "Aunty, ká ní obìnrin kan fi nǹkan sápá kó má bàa lóyún, tí ìjọ ẹ̀ sì ń gbààwẹ̀ fún un, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?" Kò dárúkọ, kò sọ ìdí. Ó rò pé òun ti ṣe bí Clara ṣe kọ́ òun.

Aunty wò ó. "Jẹun jàre, èbà ẹ ń tutù."

Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló ti fi sẹ́nu.

Bí ife ṣe bọ́ lọ́wọ́ Dárasími ní àárọ̀ Sátidé yìí, ó sáré gun òkè lọ. "Aunty, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Ṣé mo dárúkọ ẹnikẹ́ni ni? Prayer point ni mo raise."

"Mo fọkàn tán yín ni, mà."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e síwájú Ọlọ́run."

"Ọgọ́ta ènìyàn lẹ gbé e síwájú wọn!"

Ìwà yìí kún ọwọ́ wa, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Òfófó tó bá ti lè kúnlẹ̀, àdúrà la ń pè é.

Lọ́sàn-án, Dárasími wakọ̀ lọ sí Buford. Ṣèyítán jáde wá bá a níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba Dárasími.

"Ẹ̀gbẹ́ Láńrewájú ni mo jókòó sí. Kí wọ́n tó parí àdúrà, ó ti ń fọwọ́ tẹ apá mi wò. Ó ní Monday lòun máa drive mi lọ kí wọ́n yọ ọ́, àbí kí n kó ẹrù mi. Ṣé ìwọ ni?"

Dárasími ì bá sọ pé Aunty ni. "Èmi ni, mà. Ṣùgbọ́n mi ò dárúkọ yín."

"Ta ló wá nílò orúkọ mi? Ṣé ẹlòmíì tún wà tí wọ́n ń gbààwẹ̀ ọmọ fún ni?" Ṣèyítán nu ojú rẹ̀. "Pa ohùn mi rẹ́ nínú ẹ̀rọ yín. Má sì pè mí mọ́."

Ó padà wọlé lọ ta bàtà. Dárasími sunkún nínú mọ́tò títí orí fi ń fọ́ ọ. Wọ́n ti dà á, òun náà sì ti dalẹ̀, kò mọ èyí tó ń dun òun jù nínú méjèèjì.

Nígbà tó délé, ẹ̀rín ni Aunty ń rín ní pálọ̀. "Láńrewájú ti pè láti dúpẹ́. Monday ni wọ́n máa yọ ọ́! Ògo ni f'Ólúwa!"

"Ọkàn ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa láti ìgbà tó ti bímọ yẹn, mà. Dókítà ní bó bá lóyún báyìí, ó lè kú."

Ẹ̀rín Aunty pòórá. Ọgbọ́n nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lára wọn, ó sì ti pẹ́ jù. "Láti ìbímọ? Ọkàn? O ò sọ ìyẹn fún mi!"

"Àṣírí ẹ̀ ni mo rò pé mò ń bò."

Aunty gbé fóònù. "Jẹ́ kí n tètè fi sórí group, kí gbogbo wọn bá a gbàdúrà."

Dárasími já fóònù náà gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti kékeré, kò já nǹkan gbà lọ́wọ́ àgbà rí.

"Láńrewájú nìkan lẹ máa pè, pé kó fi apá ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀," ó wí. "Ojú mi báyìí lẹ ó sì ti pè é."