Ìdajì Tèmi Dà?

Oòrùn ọ̀sán ti yẹ àtàrí, ṣùgbọ́n Ilé Kòkó kò ní òjìji. Ohun tí Àwẹ̀ró kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ilé gogoro bẹ́ẹ̀, tó yẹ kí òjìji rẹ̀ bo ìdajì Dùgbẹ̀, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́ roro bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò sí òjìji níbẹ̀ náà. Ó wo títì lọ, ó wo títì bọ̀: kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà, kò sí ẹni tó ń polówó nǹkan kan. Dùgbẹ̀ o! Dùgbẹ̀ tí èèyàn kì í ti í gbọ́ ohùn ara rẹ̀! Ó dákẹ́ débi pé Àwẹ̀ró ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ ti mọ̀ pé àlá ni. Àwẹ̀ró ò mọ̀. Ta ló máa ń mọ̀? Ohun tó wà lọ́kàn tiẹ̀ ni pé Sátidé ni, òun sì ti pẹ́.

Torí Sátidé ni ọjọ́ wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni òun àti ọkọ rẹ̀, Tísà Adégbìtẹ́, fi ń jáde lọ́sàn-án Sátidé láti lọ wo Ìbàdàn bí ẹni pé àná ni wọ́n wọ̀lú. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé sì ni àwọn méjèèjì o! Àwọn aládùúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Tísà, ẹ tún ń lọ wo Mápó? Ṣé ó ti ṣí kúrò níbi tẹ́ ẹ bá a sí lọ́jọ́sí ni?" Tísà á rẹ́rìn-ín, á ní ẹni tó ń gbé ìlú tí kò rin ìlú, ayálégbé lásán ni. Wọ́n á lọ wo ẹranko ní Yunifásítì, wọ́n á lọ jókòó lábẹ́ igi lọ́gbà Agodi, wọ́n á sì wá bùkà tí wọn ò tíì jẹun níbẹ̀ rí. Abọ́ kan, ṣíbí méjì. Òfin Tísà nìyẹn. Ẹja epìyà ni wọ́n fẹ́ràn, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ há Àwẹ̀ró lọ́fun lọ́dún àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Tísà ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ egungun ẹja ìyàwó rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, kó tó ti ìdajì síwájú rẹ̀.

Sátidé tó kẹ́yìn ló wá bàjẹ́. Wọ́n jà láàárọ̀ nítorí ìgò epo kan tó dà nù. Àbẹ́ ò rí nǹkan! Ìgò epo! Nígbà tó dọ̀sán, Tísà ní kí àwọn lọ gun Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tó wà ní Òkè Ààrẹ, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń yí po nínú bí ìkarahun ìgbín. Àwẹ̀ró ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹ máa lọ. Ṣé mo so yín mọ́lẹ̀ ni?" Irọ́ ni, ẹsẹ̀ kankan ò dùn ún. Tísà dá lọ. Nígbà tó dé, ó gbé ìdajì ẹja fún un nínú ewé, ó ti yọ egungun rẹ̀ tán. Àwẹ̀ró ò tú u wò. Ó jù ú sínú fíríìjì, ó kọjú sógiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé Tísà lọ. Wọ́n sin ín tán kí Àwẹ̀ró tó rántí ẹja náà. Ó ti bàjẹ́, ó dà á nù. Bá a bá ń jà, bíi ká kú kọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá a sọ fún Tísà? Ó di oṣù kẹrin báyìí, ìdajì ẹja yẹn sì há a lọ́fun ju egungun lọ. Ó dá a lójú pé ọkọ òun bínú kú.

Níwájú Ilé Kòkó tí kò ní òjìji yìí ló ti gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"O pẹ́."

Tísà ni. Bùbá aláwọ̀ ilẹ̀ tó máa ń wọ̀ ní Sátidé ló wọ̀, áńkáṣíìfù rẹ̀ wà léjìká. Ẹ̀yìn ló kọ sí i.

"Bàbá Jọkẹ́!" Inú Àwẹ̀ró dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí."

"Ká máa lọ," ni Tísà wí. Kò yíjú.

Wọ́n gbéra. Bàtà Àwẹ̀ró ń ró lórí ọ̀dà, tọkọ rẹ̀ ò ró. Wọn ò tíì rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n fi bá ara wọn lọ́gbà ẹranko. Kìnnìún wà níbẹ̀, ọ̀bọ wà níbẹ̀, ògòǹgò náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló kọjú sógiri bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń fìyà jẹ. Kò sí èyí tó mira.

"Kí ló ṣe wọ́n?" ni Àwẹ̀ró bi í jẹ́jẹ́.

"Ojú ń tì wọ́n ni. Àlejò ni ọ́."

"Ní Ìbàdàn? Èmi ọmọ Bẹẹrẹ?"

"Ní Ìbàdàn yìí," ni Tísà dáhùn. "Èmi ti di onílé."

Àwẹ̀ró ì bá bi í síwájú sí i, ṣùgbọ́n òórùn ẹja díndín ti gba afẹ́fẹ́. Wọ́n ti wà lábẹ́ igi ní Agodi. Bùkà kan wà níbẹ̀ tí kò sí lójú ayé, pátákó rẹ̀ wà lókè, wọn ò kọ nǹkan kan sí i. Àwọn oníbàárà jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń jẹun, ẹnu wọn ń lọ sókè sódò, èèyàn ò sì gbọ́ kí ṣíbí kan kan abọ́. Obìnrin kan tó fi gèlè borí títí dé àgbọ̀n gbé abọ́ kan wá. Ìrẹsì wà nínú rẹ̀ àti odidi epìyà kan. Ṣíbí kan ló gbé tì í.

"Ìyá, ṣíbí méjì là ń lò o," ni Àwẹ̀ró wí.

Obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí i. Ó lọ.

Tísà fi áńkáṣíìfù nu tábìlì, bó ṣe máa ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ egungun. Àwẹ̀ró ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀, ìka tó mọ̀ dáadáa, àpá abẹ wà lára àtàǹpàkò. Omijé lé sí i lójú. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé òun ti rí àyè ẹ̀bẹ̀. Tí òun bá ti jẹ ìdajì yìí, tí òun jẹ ẹ́ tán, tí òun lá ọwọ́, ìjà ti parí nìyẹn. Egungun tó kẹ́yìn jáde. Ó tẹ́ ọwọ́.

Tísà fa abọ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

"Bàbá Jọkẹ́. Ìdajì tèmi dà?"

"Kò sí."

"Kò sí bíi ti báwo? Abọ́ kan là ń jẹ!"

Tísà ń bu ìrẹsì mọ́ ẹja. Ó ń jẹ kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé, òun tó jẹ́ pé bó bá ń jẹun, èèyàn lè sùn kó jí. Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró dé egungun. Ó na ọwọ́ sínú abọ́ náà láti bu tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Pà! Tísà gbá ọwọ́ náà dànù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò fọwọ́ lù ú rí.

Àwẹ̀ró gbójú sókè. Gbogbo àwọn oníbàárà bùkà náà ti dáwọ́ jíjẹ dúró. Gbogbo wọn yíjú, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Kì í ṣe ojú rẹ̀ o, ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ń dúró de ibi tó máa lọ.

Ó ká a sẹ́yìn, ó fi í sábẹ́ ìró. Tísà jẹ ẹyọ ìrẹsì tó kẹ́yìn, ó fi ìka nu abọ́ náà, àwọn èèyàn náà sì yíjú padà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Ẹ ṣì ń bínú sí mi," ni Àwẹ̀ró wí. Ẹkún ló fi sọ ọ́.

Tísà mi orí. Ó dìde, ó sì ń lọ, Àwẹ̀ró ń sáré tẹ̀lé e, ibi tí wọ́n já sí ni ẹnu ọ̀nà Láyípo. Inú ilé ìṣọ́ náà tutù, ó sì dúdú. Tísà gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, ó ń gòkè, ó ń yí po, títí Àwẹ̀ró ò fi rí i mọ́. Òun náà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Ohùn Tísà wá láti òkè, ohùn jẹ́jẹ́ tó fi ń pè é nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra sọ́nà.

"Ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́, Àwẹ̀ró. Máa lọ ilé."

"Kò dùn mí! Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́sí! Ẹ dúró dè mí!"

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Èyí tó o dà nù yẹn, mo rí i, mo jẹ ẹ́. Ìjà ti parí. Sọ ẹsẹ̀ rẹ kalẹ̀."

Ó sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀, ó sì jí.

Orí àga pálọ̀ ló wà, níbi tó ti sùn lọ lẹ́yìn tó gbálẹ̀ tán. Aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá díẹ̀. Òjìji fèrèsé wà nílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Tísà, tó ń bá a gbé láti ìgbà ìṣẹ̀lẹ̀ náà, jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú ìyá náà ò ríran dáadáa mọ́. Wọn ò sì jẹ́ kó mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀, torí òbí kì í mọ ọ́n.

"Ò ń ké, ìyàwó mi. Kí lo rí?"

Àwẹ̀ró ròyìn. Nígbà tó dé ibi oúnjẹ, Ìyá Àgbà fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ gírígírí.

"Ṣé o jẹ nínú ẹ̀?"

"Mà?"

"Dá mi lóhùn! Ṣé o fi kan ẹnu?"

"Mi ò jẹ. Ó ṣahun sí mi, mà. Ó dá jẹ gbogbo ẹ̀. Mo na ọwọ́, ó gbá a dànù."

Ìyá Àgbà tú ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, èèyàn ò mọ èyí tó ṣáájú. "Àdìgún ọmọ mi! Ahun kọ́ ni o! Àwẹ̀ró, ta ló máa ń bá òkú jẹun kó padà wálé? Ó lé ẹ sílé ni. Ó jẹ tiẹ̀ mọ́ tìẹ kó má bàa ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún ẹ."

Ìgbà náà ni ara Àwẹ̀ró tó bù máṣọ. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó há a lọ́fun láti oṣù mẹ́rin, ó gbé itọ́ mì, kò bá a níbẹ̀ mọ́.

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bíi tọmọdé.

"Odidi ẹja ni?"

"Odidi ni, mà. Epìyà."

"Ó jẹ ẹ́ tán?"

"Ó fìka nu abọ́."

"Ó yó?"

"Ó yó, mà."

Ìyá arúgbó náà mi orí, ó tún mi orí. Àwẹ̀ró dìde, ó wá bàtà ìyá ọkọ rẹ̀ lábẹ́ àga, ó kúnlẹ̀, ó ń fi í sí i lẹ́sẹ̀.

"Níbo là ń lọ?"

"Sátidé lónìí, mà. À ń lọ jẹ ẹja."

"Èmi tí mi ò ríran? Ẹsẹ̀ tún ń dùn mí. Ta ló máa bá mi yọ egungun ẹ̀?"

"Èmi ni," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì na ọwọ́ sí i kó fi dìde.