Dígí Kan Nínú Bọ́ọ̀sì Kòséwu

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù ba onídígí ni pé bọ́ọ̀sì akẹ́rù náà ti dára jù. Ọ̀dà funfun rẹ̀ ń dán, owó tí wọ́n sì pè é kò tó ìdajì ohun tí irú rẹ̀ ń lọ lọ́jà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó ń tà á, àgbàlagbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kòséwu nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, fọwọ́ gbá ìhà ọkọ̀ náà bí ẹni ń gbá màlúù tó sanra.

"Àbúrò, gbé e. Kò séwu."

Onídígí wo ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́: ọkọ á máa wakọ̀, ìyàwó á jókòó sẹ́yìn, á faṣọ wé ọwọ́, á di dígí mú kó má baà mì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọdún mọ́kànlá, títí di oṣù tó kọjá, tí bíréèkì ọkọ̀ wọn àtijọ́ já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Òkìtì yanrìn àwọn bíríkìlà ló gbà wọ́n sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí onídígí bá ti rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á máa wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ogójì fèrèsé ilé ẹ̀kọ́ kan ń dúró dè wọ́n lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ibẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀: ẹni tí kò bá lọ́kọ̀, kó má wulẹ̀ wá.

Onídígí gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnì. Ó gbóná.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ti tan án ká tó dé?"

"Èmi ni. Mo ní kó ti jí sílẹ̀ dè yín."

"Òwúrọ̀ lọkọ̀ tó bá lárùn máa ń sọ ọ́. Tó bá ti gbóná tán, àìsàn á fara pamọ́. Ẹ jẹ́ ká dúró kó tutù."

Kòséwu bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo mẹkáníìkì tí ò ní sípánà!"

Wọ́n dúró. Onídígí dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń ka ìwé. Kò sí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Ṣùgbọ́n táyà iwájú lápá òsì ti jẹ lápá inú, ti ọ̀tún kò jẹ. Táyà kì í ṣàdédé jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibi tí ìwúwo bá fì sí ló ń jẹ. Nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, ó tan án, ó sì jí lẹ́ẹ̀kan náà, kò wúkọ́. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò balẹ̀.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ wọn ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ká mọ̀ bóyá dígí ńlá á wọlé."

Ó yọ téèpù. Ó wọn ìbú, ó wọn òró, dígí ńlá á wọlé. Lẹ́yìn náà, bí iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára, ó tún wọ̀n ọ́n láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì, ó sì yí i padà. Férémù tó bá gún, igun sí igun méjèèjì á bára mu. Bí wọn ò bá bára mu, bó ti wù kó gún tó lójú, dígí tí wọ́n bá fi síbẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí fi ìka méjì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún un wọ̀n. Ìka méjì náà ni. Ó ká téèpù náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ti yí gbiri rí."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Téèpù ni."

"Háà! Ọkọ̀ lo fẹ́ rà ni àbí fèrèsé? Wá wọn èmi náà wò, ìbàdí mi ò dọ́gba mọ́. Kò séwu!"

Ó yẹ kí wọ́n ti yíjú padà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ò kúrò lọ́kàn onídígí. Ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn pé ẹrù tó wúwo náà lè wọ́ ara ọkọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbé dígí sí i ká wò," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Dígí ò mọ irọ́ pa."

Wọ́n ti gbé ọ̀kan wá láti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n há a mọ́ àárín pákó méjì, ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lókè. Ìyàwó wọlé, ó faṣọ wé ọwọ́, ó dì í mú. Kòséwu jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ onídígí.

Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ọkọ̀ náà ń wọ́ sí òsì díẹ̀díẹ̀, onídígí sì ń fà á bọ̀. Wọ́n yà ní kọ̀rọ̀ kan, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì là sílẹ̀ níwájú wọn. Onídígí yíjú sí Kòséwu.

"Ṣé kò sọ́nà mìíràn ni?"

"Máa lọ jàre. Kò séwu."

Ó fẹsẹ̀ kan bíréèkì. Ọkọ̀ náà fì sí òsì bí ajá tó rí eegun. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì wọlẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ ẹrẹ̀. Lẹ́yìn, dígí bẹ̀rẹ̀ sí í ké tín-ín-rín.

"Bàbá wọn! Dígí ń ké o!"

Ó tẹ bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Ó já jíà sílẹ̀, ẹ́ńjìnì bú ramúramù, eré rẹ̀ ń dín kù. Ó ṣẹ́jú wo ẹ̀gbẹ́. Kòséwu ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti wà níta.

Gbàá! Ẹ̀yìn dákẹ́. Ọkọ̀ dúró létí kòtò.

"Ìyá wọn!"

Ó bẹ́ sílẹ̀.

"Ìyá wọn o!"

"Mo wà níbí." Ohùn rẹ̀ kéré.

Ó sáré ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Obìnrin náà jókòó síbi tó jókòó sí, ó ṣì di dígí mú, àmọ́ dígí ti là sí méjì láti igun dé igun. Ẹ̀jẹ̀ fa ìlà tín-ín-rín sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Kòséwu gbọn ṣòkòtò. "Dígí lásán ni. Màá yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà kúrò fún ẹ. Gbé e lọ."

Ohun tó wá dẹ́rù ba onídígí ju gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ ni pé ẹnu ara rẹ̀ ti là láti dúpẹ́. Ogójì fèrèsé. Wọ́n ṣáà lè tún bíréèkì ṣe.

Ìyàwó rẹ̀ rí i. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì rọra wé e mọ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ rà á. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, èmi á máa wà á. Ẹ̀yin ẹ wá jókòó sẹ́yìn, kẹ́ ẹ di dígí mú."

Ọkọ rẹ̀ wo inú ibẹ̀. Kò sí àga, kò sí fèrèsé, èérún dígí ló kúnlẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Èkejì kọ̀, kò kúrò nílẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ padà, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí Kòséwu.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. A ò rà á mọ́."

"Kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an?"

"Ẹsẹ̀ yín tó ti wà níta kí ọkọ̀ tó dúró ni," ni obìnrin náà wí.

Wọ́n gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà padà, kálukú pẹ̀lú ìdajì dígí lábẹ́ apá.

"Ọjọ́ Ajé ńkọ́?" ni ọkọ béèrè.

"Ọmọlanke. Mẹ́ta-mẹ́ta la ó máa kó dígí."

"Ọ̀gá yẹn á lé wa."

"Kó lé wa. A ó fẹsẹ̀ wa lọ."

Wọ́n gbọ́ ẹ́ńjìnì lẹ́yìn. Bọ́ọ̀sì funfun náà ń gòkè bọ̀. Ẹnì kankan ò sọ fún ẹnì kejì, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kúrò lójú títì, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọn ò sì mí dáadáa títí ọkọ̀ náà fi kọjá.