Àárín Òkúta Bàbá Mi

Bàbá mi ṣèèṣì fi ọ̀bẹ gé ara wọn ní àtàǹpàkò lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n jókòó, wọ́n sì kọ ìwé pé àwọn fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan. Orí tábìlì ni mo ti rí ìwé náà láàárọ̀ Sátidé.

"Bàbá, kí nìyí?"

"Ọwọ́ mi ti kú," ni wọ́n wí, bí ẹni ń sọ pé epo ti tán nínú ìgò. "Mo fẹ́ gé tòmátì, mò ń tẹ̀ ẹ́ fọ́ ni. Mò ń pọ́n ọ̀bẹ láràárọ̀, kò mú. Mo máa mú ìwé yẹn lọ lọ́jọ́ Ajé."

Ẹ̀rù bà mí débi pé inú bí mi. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn, ẹ̀rù kì í dá wá sọ́dọ̀ mi kó má mú ìbínú dání. Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pè mí ní Ata-wẹ́wẹ́ nílé wa. Ọwọ́ ọ̀tún àbúrò Bàbá ló kọ́kọ́ ń rẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, kò lè gbé ṣíbí mọ́, kò sì gbádùn títí tó fi kú. Àwa méjèèjì ò dárúkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òun là ń rò.

Mo ní ká lọ rí dókítà. Wọ́n ní ṣé dókítà ló máa bá àwọn gé àlùbọ́sà ni. Mo jí òkúta ìpọ́nbẹ wọn, èyí tí wọn kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn, mo fi àkísà wé e, mo fa ilẹ̀kùn gbàmù, mo jáde. Mo ní bóyá òkúta ló ti gbó, mo fẹ́ ra tuntun tó bá a dọ́gba.

Ìyá Onírinṣẹ́ jókòó sáàárín ìṣó àti kọ́kọ́rọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní òkúta tó dán jù, tó sì wọ́n jù.

"Kí lo fẹ́ fi pọ́n?"

"Ọ̀bẹ ìdáná bàbá mi ni, mà. Kò mú mọ́, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ló ti kú."

"Ọ̀bẹ ìdáná, o wá ń béèrè òkúta abẹ ìfárùngbọ̀n! Èyí tí kò kúnná púpọ̀ ló ń jẹ irin, èyí tó kúnná jù ú lọ díẹ̀ á wá tún ẹnu ọ̀bẹ ṣe. Ó tán. Jẹ́ n wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ."

Wọ́n gbé rúlà lé e lórí, wọ́n gbé e sókè síbi iná. Ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rúlà kọjá.

"Háà! Òkúta rèé àbí abọ́? Ṣé àárín rẹ̀ nìkan lẹ ń lò ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá tó kọ́ Bàbá níṣẹ́ ló ní kí wọ́n tọ́jú etí méjèèjì pa mọ́, pé tí àárín bá tán, wọ́n á rí etí lò. Ìyá Onírinṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí awò ojú wọn fi já bọ́.

"Ta ló ń jẹ àárín búrẹ́dì tó ń fi ẹ̀bá rẹ̀ pamọ́? Ọ̀bẹ tó bá ń gba inú kòtò yìí kọjá, ẹnu rẹ̀ á yí róbótó ni. Bó ṣe ń pọ́n ọn tó, bẹ́ẹ̀ ló ń bà á jẹ́ tó. Ó lè má jẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ ló fà á rárá."

"Ṣé ó dá yín lójú, mà?"

"Kò dá mi lójú. Lọ ha ojú rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó o wá mọ̀."

Wọ́n kọ̀ láti ta òkúta fún mi. Sáńpépà mélòó kan àti gíláàsì pẹlẹbẹ kan ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì fi bí mo ṣe máa lò wọ́n hàn mí.

Mo tẹ́ sáńpépà lé gíláàsì nílé, mo bu omi sí i. Bàbá yọjú.

"Ta ní kó o fọwọ́ kan òkúta mi?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n fọwọ́ kàn án. Ẹ jókòó."

Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà gbàgàdà sí gbogbo ojú òkúta, mo da ojú rẹ̀ dé sórí sáńpépà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Nígbà tí mo ṣí i wò, ìlà etí ti pa rẹ́, ti àárín sì wà bí mo ṣe fà á.

"Ẹ wo kòtò yín, Bàbá."

"Rọra! Má ha etí rẹ̀ tán!"

"Etí yẹn ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín!"

Wákàtí kan ni mo fi ha á. Sáńpépà mẹ́ta gbó, ẹrẹ̀ dé ìgúnpá mi, apá ń ro mí. Nígbà tí ìlà àárín pa rẹ́, mo gbé rúlà lé e. Ìmọ́lẹ̀ ò kọjá mọ́.

Ó wá ku kí wọ́n pọ́n ọ̀bẹ. Tí kò bá tún mú báyìí, a jẹ́ pé ọwọ́ wọn ló kú lóòótọ́ nìyẹn. Bàbá fi omi sí òkúta, wọ́n fa ọ̀bẹ láti etí dé etí, wọ́n yí i padà, wọ́n tún fà á. Wọ́n mú tòmátì kan. Ọ̀bẹ wọlé láìbẹ̀bẹ̀. Wọ́n tún gé e, ó fẹ́lẹ́ débi pé mò ń rí ìka wọn nínú rẹ̀. Mo pariwo, mo fò mọ́ wọn. Wọ́n ní kí n lọ ya ìwé orí tábìlì, mo sì ti ya á kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Bàbá jókòó. Wọ́n ń yí ọwọ́ ọ̀tún wọn síwá sẹ́yìn.

"Ara tù mí," ni wọ́n wí. "Ó ti pé oṣù méjì tí mo ti ń jí ṣáájú rẹ. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì nìkan de bọ́tìnnì, bí wọ́n ṣe ń fi gbé ṣíbí. Mi ò fẹ́ kó dé bá èmi náà kí n wá di ẹrù sí ẹ lọ́rùn."

Mo fẹ́ bínú, ìbínú ò wá. Ẹkún ló gbọ̀n mí.

"Ṣé ẹ ti wá mọ̀ ọ́n?"

"Bọ́tìnnì ọrùn nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu," ni Bàbá wí, wọ́n sì fi ọwọ́ ọ̀tún nu omijé ojú mi.